Ta Ló Ya Àwòrán Yìí?

Ewì lẹ mọ̀ mọ́ mi nínú ìwé wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ni mo gbé wá. Ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo ṣẹ ọ̀rẹ́ mi ló lé mi dé ìdí ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ní sáà tó kọjá, mo kọ ewì kan nípa ìyá aláró. Olóòtú wa ní ewì náà dáa, ó ní kí a wá àwòrán tí yóò bá a lọ, kí ìyá náà lè wà ní ẹ̀yìn ìwé wa. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan ní òun máa yà á. Òun kì í lo pẹ́ńsù àti bébà. Lápútọ́ọ̀pù àlòkù kan ló ní, pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi kálàmù tirẹ̀ ya nǹkan lé lórí, tó rà ní Computer Village n'Íkẹjà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tó parí, ó pe gbogbo wa kí a wá wò ó. Ìyá aláró jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbá etí ìkòkò aró mú, ojú ẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí kò tíì sùn tán kí iṣẹ́ tó jí i. Àwọn ará yàrá hó yèè. Èmi náà, bóyá ìlara ni o, bóyá àìmọ̀kan ni, mo la ẹnu mi, mo ní, "Ó dáa o, ṣùgbọ́n ṣebí kọ̀ǹpútà ló yà á."

Yàrá pa lọ́lọ́. Ọ̀rẹ́ mi ò bá mi jà. Ó pa lápútọ́ọ̀pù ẹ̀ dé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó jáde lọ pọn omi. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ọ̀rọ̀ ò fi dùn láàárín wa, àfi ti kọ́kọ́rọ́ yàrá àti gààrí. Lọ́jọ́ karùn-ún ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ tó o ń kọ́ Yorùbá, lọ bá mi bi àwọn baba wa bóyá àáké ló ń dá ère gbẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ilé ìkàwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tí kò rí ìgbésẹ̀

Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì kan, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ mọ, ó tún rí orí kan tí wọ́n fi idẹ rọ. Ojú àwọn orí wọ̀nyí jọ ojú ènìyàn gan-an. Kàkà kí Frobenius gbà pé baba ńlá àwọn tó bá nílùú ló ṣe wọ́n, ó ní iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni, ìyẹn ìlú kan tó wà nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ẹ gbọ́ ná: ìlú tí kò sí ló gbé iṣẹ́ Ifẹ̀ fún! Nígbà tó di 1938 tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n wú àwọn orí idẹ mìíràn jáde. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Lónìí, kò sí onímọ̀ gidi tó ń jiyàn pé ọwọ́ Ifẹ̀ ló ṣe wọ́n.

Kí ló dé tí àlejò fi rí ààyè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rọ orí idẹ. Alágbẹ̀dẹ idẹ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú ẹ̀, á fi ìda bo amọ̀ náà, á wá fi ọwọ́ gbẹ́ imú, ètè àti ìlà ojú sára ìda. Lẹ́yìn èyí, á fi amọ̀ mìíràn bo gbogbo ẹ̀, á fi iná yọ́ ìda dànù, á da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Tí idẹ bá tutù tán, á fọ́ amọ̀ ìta. Ibi tí gbogbo ọgbọ́n wà ni ìda yẹn, ìda sì ti yọ́ lọ. Iṣẹ́ tó dán ló kù, ẹ̀rí ìgbésẹ̀ ò sí mọ́. Ẹni tí kò rí ìgbésẹ̀ ló máa ń gbé iṣẹ́ ọlọ́wọ́ fún ẹlòmíì.

Irú ẹ̀ náà ni Àìná Onábolú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, bá pàdé. Láyé ìjọba Òyìnbó, àwọn kan ń sọ pé ọmọ Áfíríkà ò lè ya ojú ènìyàn bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ní 1906, kó tó lọ sí iléèwé àwòrán kankan ní Lọ́ńdọ̀nù, Onábolú ti ya ìyáàfin Spencer Savage. Ó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1920 sí 1922, ó padà wálé, ó sì ń jà kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní iṣẹ́ àwòrán. Kò fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn: ó yàwòrán, ó tún ń kọ́ ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń yà á.

Àáké kì í dá ère gbẹ́

Ní ti ère, a dúpẹ́ pé àwọn kan kọ ìgbésẹ̀ sílẹ̀. Láti 1947, ilé iṣẹ́ ọnà kan wà ní Ọyẹ́-Èkìtì tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sí, gbẹ́ ère níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ sì ni Lámidì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ sí i. Fákẹ́yẹ yìí náà ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ó kú ní 2009. Nínú ìwé tí Carroll ṣe jáde ní 1967, ó kọ orúkọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó gbọ́ lẹ́nu àwọn agbẹ́gilére.

Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé. Àáké ni wọ́n fi ń ṣe é. Orí, ara àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá nínú igi, wọn ò tíì wá ojú. Ìkejì ni àlétúnlé. Wọ́n á pín àwọn odindi yẹn sí wẹ́wẹ́: orí á ní gèlè, iwájú àti etí; apá á ní ìgúnpá àti ọwọ́. Ìkẹta ni dídán. Wọ́n á fi ọ̀bẹ mú kí ara igi jọ̀lọ̀, kí oríkèé kan yọ́ wọnú èkejì. Ìkẹrin ni fínfín. Ibẹ̀ ni ìlà ojú, irun dídì àti ọnà ara aṣọ ti ń jáde. Tí àwọn kan bá tún fẹ́, wọ́n á kùn ún.

Mo ka èyí, mo sì rántí ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi. Àáké wà níbẹ̀, ó mú, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tí orí wà nínú igi?

Láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sílẹ̀ àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà. Ní 1963, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní MIT, l'Amẹ́ríkà, Ivan Sutherland, ṣe ètò kan tó pè ní Sketchpad. Kálàmù oníná kan ló fi ń kan ojú kọ̀ǹpútà, ìlà á sì tẹ̀lé ọwọ́ ẹ̀. Ìlà lásán ni o, kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Ní 1973, Richard Shoup ṣe SuperPaint ní ilé ìwádìí Xerox ní California. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè mú àwọ̀ àti bírọ́ọ̀ṣì lójú kọ̀ǹpútà kó sì fi kùn àwòrán. Ní 1981, iléeṣẹ́ Quantel ní Ìlú Ọba gbé Paintbox jáde. Owó ẹ̀ ga débi pé àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń rà á. David Hockney, ayàwòrán ńlá ilẹ̀ wọn, lò ó nínú ètò kan tí BBC gbé sáfẹ́fẹ́ ní 1987.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Andy Warhol. Lọ́jọ́ 23 oṣù keje 1985, nígbà tí Commodore ń fi kọ̀ǹpútà Amiga han aráyé ní New York, Warhol jókòó sí iwájú èrò, wọ́n ya fọ́tò olórin Debbie Harry sínú kọ̀ǹpútà, Warhol sì ń da àwọ̀ sí i. Ó kú ní 1987. Ní 2014, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon bá àwọn àwòrán mìíràn nínú díìsì ẹ̀ àtijọ́. Lára wọn ni agolo ọbẹ̀ Campbell's wà, èyí tó fi sọ ara ẹ̀ di olókìkí láti 1962. Ẹ bá wo èyí tó fi máòsì yà yẹn: ìlà ẹ̀ ò gún rárá, ó dà bí ìgbà tí ọmọdé ń kọ́ ìwé kíkọ. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń yàwòrán, kí ló dé tí ìlà ọ̀gá bíi Warhol fi wọ́? Ọwọ́ ẹ̀ ò tíì mọ irinṣẹ́ náà ni.

Àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ti ń bọ̀ láti Japan. Iléeṣẹ́ Wacom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ń ṣe pátákó àti kálàmù tí kò ní wáyà. Tí o bá tẹ kálàmù mọ́ ọn, ìlà á nípọn. Tí o bá rọra fi kàn án, á tín-ín-rín. Ọwọ́ ènìyàn wá rí ọ̀nà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé mìíràn, Thomas Knoll ní Yunifásítì Michigan, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1987 pẹ̀lú John àbúrò ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àrà fún fíìmù. Ètò yìí ló di Photoshop, tí Adobe bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1990. Ní 1994 ni layer wọ inú ẹ̀. Ẹ fojú inú wo gíláàsì tí wọ́n tò lé ara wọn: ìlà wà lórí ọ̀kan, àwọ̀ wà lórí èkejì, o lè gbé ọ̀kan kúrò láìba ìyókù jẹ́. Ní 1998, wọ́n fi ibi tí ènìyàn ti lè padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ púpọ̀ kún un. Ṣáájú ìyẹn, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lo lè pa rẹ́.

Ẹ̀gàn ò sì gbẹ́yìn. Steven Lisberger, tó darí fíìmù Tron ní 1982, sọ pé àwọn tó ń fúnni ní Oscar ò ka iṣẹ́ àrà inú fíìmù àwọn kún, nítorí wọ́n ní lílo kọ̀ǹpútà jẹ́ màgòmágó. Ṣé ẹ rí i? Mo ti rí alábàápín nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Bí ìyá aláró ṣe dé

Mo padà dé yàrá. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi jọ̀ọ́, kó fi hàn mí. Ó ṣí fáìlì ẹ̀. Layer mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀! Ó pa gbogbo wọn, ó wá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀.

Àkọ́kọ́, òjìji dúdú méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju àtàǹpàkò lọ. Kò sí ojú, kò sí imú. Ìyá kan dúró, èkejì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta jókòó tì ìkòkò. Ó ní kí n dijú díẹ̀ kí n wò wọ́n, kí n sọ èyí tí mo lè mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo tọ́ka sí èyí tó jókòó. Ó ní, "Òun náà ni mo mú. Tí òjìji ẹ̀ ò bá sọ̀rọ̀, ojú tí mo bá yà sí i ò ní gbà á." Mo ní lọ́kàn mi, ọnà lílé rèé.

Ó ṣí òmíràn. Ó ti fi ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá eegun ara: èjìká, ìbàdí, orúnkún tó ká. Orí èyí ló ti kun gbogbo ẹ̀ ní eérú, láti orí funfun dé dúdú, oríṣi márùn-ún péré. Ó ti pinnu pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ọ̀tún wọlé, láti ẹ̀bá àtíbàbà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn á mọ́, ibi tó yí ẹ̀yìn sí i á ṣókùnkùn. Orí di gèlè, iwájú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àlétúnlé! Mo bi í pé kí ló dé tí kò tíì fi àwọ̀ sí i. Ó ní àwọ̀ máa ń tan ojú jẹ. Tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ò bá tọ̀nà, àwọ̀ tó dára jù lọ ò lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí ló da àwọ̀ sórí layer tirẹ̀, kí eérú ìsàlẹ̀ lè máa hàn láti inú. Ibẹ̀ ló ti pẹ́ jù. Ó ń fi bírọ́ọ̀ṣì pa ààlà àwọ̀ méjì pọ̀ níbi tí ara ti rọ̀, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń fi ààlà sílẹ̀ gbọnyin níbi tó le, bí etí ìkòkò. Dídán nìyẹn. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan gbà, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rántí fi iṣẹ́ pamọ́.

Lórí ọwọ́ ìyá náà, mo rí layer kan tó ti pa tì. Ọwọ́ yẹn dúdú aró láti ìka títí dé ìgúnpá, bákan náà, bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́. Mo ní kí ló ṣe èyí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kùn ún bí òun ṣe rò pé ó rí, ọkàn òun ò sì balẹ̀. Ni òun bá wọ mọ́tò lọ sí Ìtòkú n'Ábẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé, òun kí àwọn ìyá aláró níbẹ̀, òun sì tọrọ àyè kí òun wo ọwọ́ wọn. Ó rí i pé inú èékánná àti pàlàpálá oríkèé ìka ni aró ń sá pamọ́ sí. Tó bá ti ń gòkè lápá, ńṣe ló ń ṣá. Ó padà wálé, ó tún ọwọ́ náà yà látìbẹ̀rẹ̀. Ó wá fi fínfín parí ẹ̀: ìlà ojú, ọnà ara ìró, àti ìmọ́lẹ̀ kékeré kan nínú ẹyinjú.

Mo jókòó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mo kọ ewì ìyá aláró, mi ò dé Ìtòkú. Inú yàrá ni mo ti kọ "ọwọ́ aró" sínú ewì mi, mo sì rò pé mo ti ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà náà ò wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀rẹ́ mi ló lọ.

Ohun tó yàtọ̀

Mi ò ní kí a sọ pé ọ̀kan náà ni àáké àti kọ̀ǹpútà. Agbẹ́gilére tó bá gé imú ère sọnù ti gé e nìyẹn. Á wá igi mìíràn tàbí kó dọ́gbọ́n sí i. Ọ̀rẹ́ mi á tẹ Ctrl àti Z, imú á padà. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó ní ìnira tirẹ̀: igi máa ń sọ fún agbẹ́gilére pé ó ti tó, kọ̀ǹpútà kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò gbé kálàmù sílẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló ká mi lára tó báyìí nínú ọ̀rọ̀ àwàdà kan. Ìdí ni pé láyé ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sí i ṣe àwòrán ti wà lóòótọ́. Ní 2022, Jason Allen fi ọ̀kan lára wọn, Midjourney, gba ipò kìíní níbi ìdíje àwòrán orí kọ̀ǹpútà ní Colorado, l'Amẹ́ríkà. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, wọ́n lé ayàwòrán kan kúrò ní ìsọ̀rí àwòrán lórí Reddit, wọ́n ní àwòrán ẹ̀ jọ ti ẹ̀rọ. Ayàwòrán náà ní òun ṣe tán láti fi fáìlì ìgbésẹ̀ òun hàn. Wọn ò gbà. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ pé "kọ̀ǹpútà ló yà á" lójú èrò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí Frobenius ṣe fún Ifẹ̀ ni mo ṣe fún ẹni tí a jọ ń jẹ gààrí nínú abọ́ kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí olóòtú ni pé láti ìsinsìnyí, kí a máa fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ìgbésẹ̀. Ayàwòrán á fi òjìji àkọ́kọ́ hàn, akéwì á fi ìwé tó kọ́kọ́ kọ tó sì fagi lé hàn. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ mú tèmi wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìwé yìí dé, kí ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ìyá aláró náà nìyẹn. Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì wa ò mọ àwọ̀ kankan, ó ti kó gbogbo aró àti osùn ara ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ẹ rí ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀tún wọlé, ẹ sì rí èékánná ẹ̀ tó dúdú. Eérú tí ọ̀rẹ́ mi fi ṣe ìpìlẹ̀ kó tó fi àwọ̀ lé e ló gbé e dúró.

Ọ̀rẹ́ mi, mo tọrọ àforíjì lójú gbogbo èrò, bí mo ṣe ṣẹ̀ ọ́ lójú èrò. Ìwọ lo yà á.